Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Jẹjẹrẹ Prostate àti Bí A Ṣe Ń Yan Ìtọ́jú Ìtànṣán Tó Bá A Mu

Ìwé èsì àyẹ̀wò ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ aláìsàn, àlàyé a sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó wà lórí rẹ̀ lè rí báyìí: PSA 11.4, Gleason 4+3, T2b N0 M0. Ojú ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í kọjá ọ̀rọ̀ "jẹjẹrẹ" kí àyà wọn tó já. Bẹ́ẹ̀, àwọn nọ́ńbà yẹn ló ń sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́: èyí tí a lè máa ṣọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àbí èyí tó yẹ ká tètè dojú kọ. Kò sí ìtọ́jú kan tó dára jù fún gbogbo èèyàn. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà mẹ́ta náà kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. A ó máa padà sórí èsì tí a kọ sókè yìí bí a bá ṣe ń lọ.

Ibi tí prostate wà, àti ẹni tí ewu pọ̀ fún

Prostate jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan tó ń pèsè díẹ̀ nínú omi tó ń gbé àtọ̀. Lára ọ̀dọ́kùnrin, kò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ìfun ìdí wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ fi aládùúgbò mẹ́ta yìí sọ́kàn, torí ara wọn ni ọ̀pọ̀ wàhálà tí ìtànṣán (agbára tí wọ́n ń tàn sí jẹjẹrẹ láti pa á) ń fà ti ń wá.

Apá ìta rẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ni jẹjẹrẹ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó jìnnà sí ọ̀nà ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin fi lè máa tọ̀ dáadáa, tí ibì kankan ò ro ó, kí àrùn náà sì ti wà níbẹ̀. Ẹni tó sì ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru nítorí ìtọ̀, ó lè jẹ́ pé prostate rẹ̀ kàn tóbi ni. Títóbi tó ń bá ọjọ́ orí rìn yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í yí padà di jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ má fi bí ìtọ̀ yín ṣe ń jáde ṣe òṣùwọ̀n.

Ohun mẹ́ta ló ń mú kí ewu pọ̀ jù. Èkíní ni ọjọ́ orí: ó ṣọ̀wọ́n kí ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 40 ní in, àmọ́ lẹ́yìn 50 ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Èkejì ni ìran: ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ. Ní Britain, ọ̀kan nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin ni wọ́n máa ń sọ fún lọ́jọ́ kan pé ó ní in. Tí a bá ka gbogbo ọkùnrin pọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni. Ẹ̀kẹta ni ẹbí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin ti ní in, ewu tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, pàápàá tí onítọ̀hún bá ní in kó tó pé ọdún 65.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣàṣìṣe nìyí: apá bàbá nìkan ni wọ́n máa ń kà. Àbùkù inú apilẹ̀ àbùdá tí wọ́n ń pè ní BRCA2, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin lára obìnrin, ló tún ń fa jẹjẹrẹ prostate tó le lára ọkùnrin, ó sì lè gba ọ̀dọ̀ ìyá wá. Tí ìyá yín, ìyá ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́jọ́ orí kékeré, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìjẹ́ pé ó bi yín.

Ọkùnrin tí kò ní èyíkéyìí nínú ewu wọ̀nyí lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ní ọdún 50. Aláwọ̀ dúdú tàbí ẹni tó ní in nínú ẹbí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 45, tàbí 40 pàápàá tó bá ti mú ju ẹnì kan lọ nínú ẹbí.

Nọ́ńbà kìíní: PSA

PSA jẹ́ èròjà tí prostate ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Prostate tó dá ṣáṣá náà ń tú u, kì í ṣe ti jẹjẹrẹ nìkan. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni ng/ml. Kò sí iye kan tó fi ni lọ́kàn balẹ̀ pátápátá, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ̀rí jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Láti bíi 3 tàbí 4 lọ sókè ni dókítà sábà máa ń fẹ́ wo ọ̀rọ̀ náà síwájú.

Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ yẹra fún ìbálòpọ̀ tàbí ohunkóhun tó ń mú àtọ̀ jáde fún wákàtí 48. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sọ́nà jíjìn láàárín àkókò yẹn. Tí kòkòrò bá wọ ọ̀nà ìtọ̀ yín tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ rọ́bà ìtọ̀ lára yín, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ 6, torí PSA ẹni tí kòkòrò ń bá jà lè fò lọ sí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí jẹjẹrẹ kankan. Oògùn finasteride àti dutasteride, tí wọ́n ń fún ẹni tí prostate rẹ̀ tóbi, máa ń gé PSA sí ìdajì lẹ́yìn oṣù 6 sí ọdún kan. Tí ẹ bá ń lò ó tí èsì sì jẹ́ 3, ẹ kà á sí 6. A mọ̀ pé àṣìṣe yìí ń mú kí àrùn pẹ́ kí wọ́n tó rí i, torí ẹni tó ka èsì náà ò mọ̀ nípa oògùn.

Tí PSA bá ga, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ abẹ́rẹ́. Ìṣirò kékeré kan tún wà tó wúlò púpọ̀: ẹ fi bí prostate ṣe tóbi tó, ní mílílítà, pín PSA. PSA 6 nínú prostate tó tó mílílítà 60 jẹ́ 0.10, ìyẹn lè jẹ́ títóbi lásán. PSA 6 kan náà nínú prostate mílílítà 30 jẹ́ 0.20. Láti 0.15 lọ sókè, ó yẹ ká fura.

MRI àti abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹran jáde

Tí ọ̀nà bá wà, kí MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì ń yà, ṣáájú biopsy. Biopsy ni fífi abẹ́rẹ́ mú ẹran tín-ín-rín jáde nínú prostate fún àyẹ̀wò. Tó bá jẹ́ biopsy ló ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú prostate máa ń da àwòrán rú, wọn yóò sì ní láti dúró tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Èsì MRI máa ń jẹ́ nọ́ńbà láti 1 dé 5 tí wọ́n ń pè ní PI-RADS: 1 àti 2, jẹjẹrẹ tó le ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, 3, kò dáni lójú, 4 àti 5, ó ṣeé ṣe gan-an.

Nínú biopsy, wọ́n sábà máa ń mú ẹyọ ẹran 10 sí 12 káàkiri, wọ́n á wá fi méjì sí mẹ́rin kún un láti ibi tí MRI tọ́ka sí. Ọ̀nà méjì ni abẹ́rẹ́ lè gbà: inú ìfun ìdí, tàbí awọ tó wà láàárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí la fara mọ́ jù, torí abẹ́rẹ́ tó gba inú ìfun kọjá lè gbé kòkòrò láti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú tí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kò burú; nínú àtọ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ tí ara yín bá gbóná kọjá 38°C tàbí tí òtútù ń mú yín tí ẹ ń gbọ̀n, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Nọ́ńbà kejì: Gleason

Orúkọ Donald Gleason, dókítà ará Amẹ́ríkà tó gbé ètò náà kalẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ló ń jẹ́. Bí àwọn hóró ara ṣe tò lábẹ́ awò amúǹkantóbi ló ń wọ̀n. Nígbà tó bá jẹ́ 3, wọ́n ṣì ń ṣe òrùka róbótó róbótó, ọ̀kan ò kan èkejì. Nígbà tó bá di 4, àwọn òrùka náà ti ń já, wọ́n ń wọnú ara wọn. Ní 5, kò sí òrùka mọ́, hóró kọ̀ọ̀kan kàn tú ká bí ẹni da yanrìn sílẹ̀. Nọ́ńbà iwájú ni ti irú tó pọ̀ jù nínú ẹran náà, nọ́ńbà ẹ̀yìn ni ti irú tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, 3+4 àti 4+3 kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì jẹ́ 7. Nínú 4+3, irú tó le ló pọ̀ jù, òun ló sì wà nínú èsì tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Tí wọ́n bá kàn sọ fún yín pé "7 ni", ẹ bi wọ́n pé èwo ló ṣáájú.

Àṣìkà mìíràn tún wà tó ń dá jìnnìjìnnì boni láìnídìí. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé Gleason rẹ̀ jẹ́ 6 nínú 10 máa ń rò pé òun ti kọjá ìdajì. Rárá o. Lónìí, 6 ni ó kéré jù tí wọ́n ń kọ sórí èsì biopsy tí jẹjẹrẹ bá wà. Kí àṣìṣe yìí lè dínkù ni wọ́n ṣe tún to ó sí ẹgbẹ́ 1 dé 5: 6 ni ẹgbẹ́ 1, 3+4 ni 2, 4+3 ni 3, 8 ni 4, 9 àti 10 ni 5.

Nọ́ńbà kẹta: ibi tó tàn dé

T ń sọ ti prostate fúnra rẹ̀. T1c ni èyí tí ìka dókítà, tó máa ń gba ihò ìdí fọwọ́ kan prostate, kò bá, tó jẹ́ PSA ló tú u fó. T2 ṣì wà nínú prostate: T2a kò kọjá ìdajì ẹ̀gbẹ́ kan, T2b kọjá ìdajì ẹ̀gbẹ́ kan, T2c wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. T3a ti yọ sí ìta, T3b ti wọ àpò àtọ̀, T4 ti kan àpò ìtọ̀, ìfun ìdí tàbí ògiri ìbàdí. N1 túmọ̀ sí pé ó ti wọ àwọn kókó lymph tó wà nítòsí, ìyẹn àwọn kókó kéékèèké tó ń bá ara gbógun ti àrùn. M1 túmọ̀ sí pé ó ti lọ jìnnà, eegun ló sì sábà máa ń lọ. N0 àti M0 túmọ̀ sí pé wọn kò rí i níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò àwòrán eegun. Ẹni tí àrùn rẹ̀ kéré lè dá wàhálà sílẹ̀ fún ara rẹ̀ tó bá ṣe é, nítorí eegun tó ti ṣẹ́ rí àti oríkèé tó ti gbó náà máa ń tàn yòò lórí àwòrán yẹn bíi jẹjẹrẹ. PSMA PET, àwòrán gbogbo ara tó ń lo èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ hóró prostate, máa ń rí ohun tó kéré ju èyí tí CT (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ X-ray ń yà) àti àwòrán eegun lè rí. Àwọn tí ewu tiwọn ga ló wúlò fún jù.

Ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀

Ewu kékeré ni tí PSA bá kéré sí 10, tí Gleason jẹ́ 6, tí T náà kò kọjá T2a. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Ewu àárín ni tí èyíkéyìí bá wà nínú PSA 10 sí 20, Gleason 7, T2b tàbí T2c. Ewu ńlá ni tí PSA bá kọjá 20, tàbí Gleason 8 sí 10, tàbí T3 sókè. Ọ̀kan ṣoṣo ti tó.

Èsì àpẹẹrẹ wa: PSA 11.4 jẹ́ ti àárín, Gleason 4+3 jẹ́ ti àárín, T2b jẹ́ ti àárín. Àárín ni, àmọ́ apá tó le nínú àárín. 4+3 nìkan ti tó láti gbé e síbẹ̀. Tí àmì ewu àárín bá ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn náà tó láti gbé e síbẹ̀. Tí ìdajì ẹyọ ẹran biopsy tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ní jẹjẹrẹ, ìyẹn náà tó. Èyí ló ń pinnu bóyá abẹ́rẹ́ họ́mónù yóò bá ìtànṣán rìn.

Ẹni tó wà nínú ewu kékeré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè nípa ṣíṣọ́ ọ láìtíì tọ́jú ẹ: PSA lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ìka dókítà lọ́dọọdún, MRI àti biopsy mìíràn bí ó bá ti ń tó ọdún kan, lẹ́yìn náà kó máa jìnnà síra. Kì í ṣe ìpatì. Ìwádìí ńlá kan ní Britain tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2023 pín àwọn ọkùnrin sí mẹ́ta: iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán, àti ṣíṣọ́. Lẹ́yìn ọdún 15, nǹkan bíi 97 nínú 100 ni jẹjẹrẹ prostate kò pa, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n wà. Àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ni tiwọn tàn ká jù, nǹkan bíi ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gba ìtọ́jú nígbẹ̀yìn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ọdún púpọ̀ lo ara wọn láìsí ìpalára tí ìtọ́jú ń fà.

Irú ìtànṣán tó wà

Òṣùwọ̀n ìtànṣán ni Gray, Gy ni wọ́n ń kọ. Iye Gy lápapọ̀ àti iye ìgbà tí wọ́n pín in sí ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìtànṣán láti ìta, tí ẹ̀rọ ńlá ń yí yín po tó ń tàn án láti igun oríṣiríṣi. Tẹ́lẹ̀, 74 sí 78 Gy ni, ní ìgbà 37 sí 39, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì. Lónìí, 60 Gy ní ìgbà 20, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ń ṣiṣẹ́ kan náà. Jẹjẹrẹ prostate kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ yòókù: bí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó ló ń pa á lára, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n díẹ̀ tó tóbi fi lè rọ́pò ìwọ̀n kéékèèké tó pọ̀. Tí wọ́n bá ṣì fún yín ní ìgbà 39, ẹ bèèrè ìdí. Ìdí gidi lè wà, bíi kókó lymph tí wọ́n fẹ́ tàn sí pẹ̀lú.

Wọ́n tún ti sún un síwájú sí i: 36.25 Gy ní ìgbà 5 péré, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2024 fi hàn pé fún ewu kékeré àti àárín, nǹkan bíi 95 nínú 100 ni àrùn wọn kò padà láàárín ọdún 5, bíi ti ọ̀nà tó gùn. Ohun tí wọ́n fi san án ni ìyọlẹ́nu ìtọ̀ tó pọ̀ jù díẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀ kó rò ó dáadáa.

Ọ̀nà kejì ni fífi ìtànṣán sínú prostate gangan. Irú kan ni hóró iodine-125: wọ́n á fún yín ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ìrora tàbí kí wọ́n mú yín sùn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gbin hóró 80 sí 100, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju hóró ìrẹsì lọ, ó sì parí lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 145 Gy tí wọ́n rọra ń tú jáde fún oṣù púpọ̀. Agbára wọn ń dín sí ìdajì ní ọjọ́ 60-60. Hóró náà kì í jáde mọ́, àyàfi ọ̀kan tó bá ṣèèṣì bá ìtọ̀ tàbí àtọ̀ jáde. Nítorí náà, ẹ lo kọ́ńdọ́ọ̀mù fún ìgbà mélòó kan àkọ́kọ́. Tí ẹ bá rí hóró nílẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un. Ẹ fi ṣíbí gbé e sínú agolo, kí ẹ pe ilé ìwòsàn. Fún oṣù méjì, ẹ má gbé ọmọdé lé ẹsẹ̀ pẹ́, ẹ sì jìnnà díẹ̀ sí aláboyún.

Hóró kò bá gbogbo ara mu. Prostate tó ju bíi mílílítà 50 sí 60 lọ, ìtọ̀ tí kì í já geere, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ inú prostate rẹ̀ kí ìtọ̀ lè jáde, wọ́n lè di ẹni tí kò lè tọ̀ rárá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé ìbéèrè IPSS, ìbéèrè méje nípa ìtọ̀ tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 0 sí 35. Tó bá ti kọjá 15 sí 20, ẹ wá ọ̀nà mìíràn.

Irú kejì ni iridium-192, tó ń gba inú abẹ́rẹ́ oníhò wọlé fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tí wọ́n sì ń yọ kúrò. Kò sí ohun tó kù nínú ara. Wọ́n sábà máa ń lò ó lẹ́ẹ̀kan, 15 Gy, láti ti ìtànṣán ìta lẹ́yìn fún ẹni tí ewu rẹ̀ ga. Ó ń mú kí PSA má tètè padà gòkè, àmọ́ ọ̀nà ìtọ̀ tó fún pọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìtànṣán ìta nìkan.

Ní ti proton, wọ́n ń polówó rẹ̀ gan-an, owó rẹ̀ sì pọ̀. A ò tíì rí ẹ̀rí pé ó ń wo jẹjẹrẹ prostate sàn ju ìtànṣán òde òní lọ, tàbí pé ó ń dáàbò bo ìfun jù ú lọ. Ẹ má ta ilé nítorí rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ họ́mónù ń pa testosterone, họ́mónù ọkùnrin tí jẹjẹrẹ náà fi ń jẹun, ó sì ń mú kí ìtànṣán rọrùn láti pa á. Ewu kékeré kò nílò rẹ̀. Apá líle nínú àárín, bíi ti àpẹẹrẹ wa, oṣù 4 sí 6. Ewu ńlá, oṣù 18 sí 36. Irú abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ jù máa ń kọ́kọ́ gbé testosterone ga fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó wó lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ni ní bicalutamide, oògùn tí kì í jẹ́ kí testosterone ṣiṣẹ́ lára jẹjẹrẹ, ṣáájú. Ara á máa gbóná lójijì, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ á lọ, ọ̀rá á pọ̀, eegun á máa fẹ́lẹ́. Ẹ máa rìn kíákíá, ẹ gbé ohun tó wúwo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n wọn ìpọ̀n eegun yín.

Kí ẹ tó gbà, ẹ sọ fún wọn tí ẹ bá ní àìsàn Crohn (àìsàn tó máa ń mú ìfun wú tó sì ń dá egbò sí i) tàbí ọgbẹ́ ìfun, tàbí tí wọ́n bá ti tàn ìtànṣán sí ìbàdí yín rí. Ẹ tún mọ èyí: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a ṣì lè fi ìtànṣán kún un, lẹ́yìn ìtànṣán, iṣẹ́ abẹ ń ṣòro gan-an. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ bímọ, ẹ fi àtọ̀ pamọ́ kí họ́mónù tàbí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ìtànṣán gan-an

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, wọ́n lè gbin hóró wúrà mẹ́ta sínú prostate kí ẹ̀rọ lè máa fi wá a. Àwọn ibòmíràn tún máa ń fi èròjà rírọ̀ sáàárín prostate àti ìfun ìdí láti tì wọ́n jìnnà síra. Ara á fúnra rẹ̀ gbé e mì lẹ́yìn bí oṣù 6. Lẹ́yìn náà ni CT ìmúra, níbi tí wọ́n á ti fi àmì tó rí tó-tò-tó mẹ́ta sí awọ ìbàdí yín.

Àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ kún, ìfun ìdí gbọ́dọ̀ ṣófo, bí ó ṣe rí lọ́jọ́ CT ni kó rí lójoojúmọ́. Ẹ tọ̀ kó tán, ẹ mu omi mílílítà 350 sí 500 bí wọ́n bá ṣe sọ, ẹ dúró ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ẹni tí kò mu omi láti àárọ̀ yóò rí i pé àpò ìtọ̀ rẹ̀ kọ̀ láti kún, nítorí ara tó gbẹ ń gbé omi náà mì fúnra rẹ̀. Ẹ mu omi dáadáa láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Lórí tábìlì, ẹ ó dùbúlẹ̀ gbalaja, nǹkan á gbé orúnkún yín dúró, ẹ̀rọ á yí po. Ìtànṣán fúnra rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ẹ ò sì ní gbọ́ ìrora kankan. Ohun tó ń gba àkókò ni àwòrán tí wọ́n ń yà ṣáájú. Tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú ìfun ìdí, ó lè ti prostate síwájú tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ìtànṣán á sì lọ bá ìfun dípò rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ lọ tú afẹ́fẹ́ náà, kí ẹ padà wá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Tí ìgbẹ́ bá le, ẹ tètè sọ fún wọn kí wọ́n fún yín ní oògùn.

Ìtànṣán ìta kì í sọ yín di onítànṣán. Ẹ lè gbé ọmọ-ọmọ yín lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, wọ́n á fi kún un lẹ́yìn. Ẹ má ṣe dá a dúró láàárín láìsọ fún wọn.

Ohun tó lè tẹ̀ lé e

Láti ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni ìtọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, á máa ta, á máa jáde ní wẹ́wẹ́. Ìgbẹ́ lè rọ̀, á sì máa kánjú. Á rẹ̀ yín. Ó máa ń le jù ní òpin ìtọ́jú àti ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì máa ń fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Tamsulosin ń ṣèrànwọ́ fún ìtọ̀. Ẹ rọra dìde lórí ibùsùn tí ẹ bá ń lò ó, torí ó lè mú òòyì. Tí ìtọ̀ bá dá pátápátá, ọjọ́ náà ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn fún rọ́bà ìtọ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan sí méjì, ẹ̀jẹ̀ pupa lè máa tẹ̀ lé ìgbẹ́, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ìfun ìdí ti di ẹlẹgẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ wo inú ìfun yín pé ẹ ti gba ìtànṣán prostate. Ìdí ni pé tí wọ́n bá gé ẹran níwájú ìfun ìdí, níbi tí ìtànṣán ti kọjá, ọgbẹ́ náà lè má jinná, ó sì lè lu ihò bọ́ sí ọ̀nà ìtọ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kò mọ èyí, a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa.

Nǹkan ọkùnrin kì í kọ̀ láti dìde lọ́jọ́ kan bíi ti iṣẹ́ abẹ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹ̀ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Sildenafil tàbí tadalafil ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn nitrate fún ọkàn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn wọ́n. Omi àtọ̀ náà á dínkù, ó sì lè gbẹ.

PSA lẹ́yìn ìtọ́jú

Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni fún ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìtànṣán, ẹ má retí òdo, torí prostate ṣì wà níbẹ̀. Ó lè tó ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá. A kì í sọ pé àrùn padà àyàfi tó bá fi 2 ga ju ìsàlẹ̀ yẹn lọ: tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 0.4, 2.4 ni ibi ìfura. Lẹ́yìn hóró iodine, PSA lè fò sókè láàárín ọdún kìíní sí ìkejì kó sì tún wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí họ́mónù náà á rí i tó ga díẹ̀ bí testosterone bá ṣe ń padà. Ti iṣẹ́ abẹ yàtọ̀: 0.2 níbẹ̀ ti tó láti sọ̀rọ̀ nípa ìtànṣán ìgbàlà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí àrùn rẹ̀ padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ẹ má sì jẹ́ kó ga kí ẹ tó lọ.

Tí jẹjẹrẹ bá ti wọ eegun, ìtànṣán 8 Gy lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sábà máa ń dín ìrora kù. Àmọ́ tí ẹ̀yìn bá ń ro yín tuntun, tí ẹsẹ̀ ń rọ, tí ìdí àti itan ń kú, tàbí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kò gbọ́ràn mọ́, ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Wákàtí díẹ̀ lè pinnu bóyá onítọ̀hún á tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá parí, ẹ gba ìwé kan lọ́wọ́ wọn tó kọ iye Gy lápapọ̀, iye ìgbà, ibi tí wọ́n tàn án sí, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ òpin. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ yín. Tó bá di ọdún mẹ́wàá sí i tí dókítà mìíràn fẹ́ tan ìtànṣán nítòsí ibẹ̀, ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ bèèrè.